Fésìkáàpù Mile 12 àti Àga Mi

Ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin mi ní Amẹ́ríkà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wo bésíbọ́ọ̀lù. Eré àgbà ni. Ẹnìkan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn a fi kóńdó gbá a. Láàárín méjèèjì, ènìyàn a ráyè ronú. Nígbà tí mo padà sí Ikosi, mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi nídìí dírááfù pé eré náà gbayì ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Wọ́n bi mí léèrè ẹ̀rí. Mo ní kí wọ́n wo fésìkáàpù tó wà lórí tọmọdé tàgbà ní Mile 12: fìlà eré náà ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, rewáyà tó ti fẹ̀yìn tì, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Baba oníwèé, wọ́n kàn ń dé e ni. Ẹ fi ẹnìkan ṣoṣo hàn mí lábẹ́ fìlà yẹn tó mọ eré ọ̀hún. Bí ẹ ò bá rí i, àga yín di tèmi."

Nínú gbogbo ìjókòó wa, àga mi nìkan ló ní ìfẹ̀yìntì. Bẹ́ńṣì ni ìyókù, ẹ̀yìn mi kì í sì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Síbẹ̀, mo gbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì dé ọjà. Alábàárù àkọ́kọ́ ní òòrùn lòun ń dé tòun fún. Èkejì ní lẹ́tà iwájú tòun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìyàwó òun. Ìyá aláta tó dé tirẹ̀ lé ìborùn wò mí láti òkè délẹ̀: "Daddy, ata lẹ fẹ́ rà ni, àbí fìlà?" Ọ̀rẹ́ mi ti ń rìn bí ẹni tó ti fẹ̀yìn ti nǹkan.

Alátòmátì kan tó dé tirẹ̀ ló dá ẹ̀mí mi padà.

"Mo mọ̀ ọ́n! Kóńdó yẹn, àbí? Òun ni wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì mọ́tò nínú fíìmù."

"Ó mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

"Ìjà ló mọ̀," ni ọ̀rẹ́ mi fèsì. "Ẹ kọ́ ọ lójú gbogbo ìlà ìsọ̀ yìí. Bí eré náà bá yé wọn, ẹ máa jókòó yín lọ."

Mo ṣàlàyé fínnífínní. Wọ́n ń mi orí pé ó yé àwọn. Mo gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ mi sókè, mo fẹsẹ̀ múlẹ̀, alátòmátì náà sì ju tòmátì tó ti jẹrà sí mi. Mo gbá a! Ó fọ́n ká bí òjò, títí dé orí ẹ̀wù funfun tí mo wọ̀.

Odindi ìlà náà fò sókè, wọ́n nawọ́ sí ojú ọ̀run: "Góòòòlù!"

Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn yíjú sí alátòmátì: "Mélòó sí mélòó?"

"Wán-nílì, Daddy!"

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé kò sí góòlù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń bọ̀ mí lọ́wọ́, omi tòmátì sì ń kán láti irùngbọ̀n mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a padà dé Ikosi, mo fa àga lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Tìmùtìmù orí àga náà ni mo kọ́kọ́ gbé kúrò. A kò fi í kún àdéhùn.