Dígí Ara Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Nígbà tí ilẹ̀ mì díẹ̀ ní agbègbè Ìjerò, tí àwo ń dún lórí àwo nínú ilé, àwọn kan ní àwọn tó ń fọ́ àpáta ló fà á. Àbúrò bàbá mi, alàgbà nínú ìjọ wa, pè mí pé kí n wá yẹ ṣọ́ọ̀ṣì wò, bóyá yóò lè dúró bí ilẹ̀ bá tún mì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá mi, bàbá ni mo sì ń pè wọ́n. Àwọn ló bá ìjọ sọ ọ́ tí ìjọ fi rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Títí dòní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí wọn.

Amọ̀ ni ògiri ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ẹsẹ̀ làwọn baba wa fi pò ó. Nígbà tí kòkó ta dáadáa, ìjọ rẹ́ sìmẹ́ńtì sí i lára, wọ́n sì to búlọ́ọ̀kù gíga lé iwájú rẹ̀, kí àgbélébùú lè hàn dé ojú títì. Kò sí kọnkéré kankan tó de búlọ́ọ̀kù mọ́ amọ̀. Bí ilẹ̀ bá mì gan-an, búlọ́ọ̀kù yẹn ni yóò kọ́kọ́ já. Abẹ́ rẹ̀ sì làwọn ọmọdé máa ń jókòó sí.

Mo rí ibi tí ògiri ti sán lábẹ́ búlọ́ọ̀kù náà. Mo fi sìmẹ́ńtì lẹ dígí pẹlẹbẹ dábùú ibẹ̀. Mo ṣàlàyé fún bàbá pé bí ògiri bá ṣì ń sún, dígí náà á là. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí àwọn ọmọdé sì kúrò níbẹ̀ títí n ó fi padà dé. Wọ́n gbà, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Ọjọ́ Ìkórè ni mo padà. A máa ń kun ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dà ṣáájú Ìkórè, nítorí náà ògiri funfun báláú. Kò sí dígí, ibi tó sán ti di rírẹ́, àwọn ọmọdé sì wà lábẹ́ rẹ̀ nínú aṣọ tuntun. Mo bi bàbá léèrè bóyá dígí náà là kí wọ́n tó yọ ọ́.

“Ó là,” ni wọ́n rọra wí. “Ṣé kí àlejò wá bá èéfọ́ lára ulé Olúwa ni?”

Láàárín ìsìn, bàbá dìde, wọ́n sọ fún ìjọ pé ọmọ tí ìjọ rán níwèé ti yẹ ilé náà wò, ó sì ní kò séwu. Ìjọ pàtẹ́wọ́.

“Dìde kí wọ́n rí ọ, ọmọ mi.”

Mo dìde. “Bàbá, ẹ má bínú, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ògiri yẹn ṣì ń sún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọ jáde.”

Ìyá kan lẹ́yìn mi ní ìjọ rán mi ní sùkúù tán, mo wá fi ìwé tí mo kà dójú tì wọ́n. Bàbá ò wo ọ̀dọ̀ mi mọ́. Àwọn ìyá díẹ̀ fa ọmọ wọn lọ́wọ́, a sì jọ lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ la wà tí mo fi gbọ́ ohùn bàbá nínú àdúrà, tí wọ́n ń dúpẹ́ fún gbogbo ọmọ tí ìjọ ti tọ́. Mo ṣe àmín láti ìta. Àwọn ọmọ tó kù ṣì wà nínú ilé.