Oṣù Méjì Péré Ni Òfin Fún Sọ̀fíyàt

Sọ̀fíyàt, tó ń ṣe òrí tà ní Òfìkì, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí Samsudeen, àbúrò bàbá rẹ̀, fipá bá a lò pọ̀ lóko kajú. Bàbá rẹ̀ ti kú. Àrínọlá, ìyá rẹ̀, fẹ́ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ lọ́jọ́ náà gan-an, àmọ́ Bàbá Ládòkun, olórí agbo ilé wọn, dá a dúró.

"Ìyá Sọ̀fíyàt, ọ̀rọ̀ ilé ni. A máa pe ìpàdé."

Wọ́n ní kí àwẹ̀ parí ná. Àwẹ̀ parí, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn ìsọmọlórúkọ kan. Ìpàdé ò wáyé. Lọ́jọ́ kan ṣá, Bàbá Ládòkun ṣàdédé ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá bó bá wù wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ pé láàárín oṣù méjì péré ni òfin gbà kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ dé kóòtù, àkókò sì ti kọjá. Bàbá Ládòkun mọ̀. Ó ti ṣe mẹ́sẹ́ńjà kóòtù rí.

Nígbà tí Sọ̀fíyàt máa lọ́kọ, Samsudeen ló jókòó nípò bàbá ìyàwó níbi yìgì.

"Ọmọ mi ni," ló wí fún àwọn àáfáà, ó sì fà á lé ọkọ lọ́wọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní òwúrọ̀ kan tí Sọ̀fíyàt ń fọwọ́ po òrí, ó gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ti dìbò láti mú gbèdéke oṣù méjì náà kúrò. Kò fọwọ́ mọ́ dáadáa tó fi wọkọ̀ Ṣakí. Lọ́yà kan níbẹ̀, Fadékẹ́, fetí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, òfin tuntun kì í padà sẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n bá hùwà yẹn sí láti ìgbà yìí lọ ló máa gbèjà."

"Ṣé tèmi kì í ṣe ọ̀ràn ni?"

"Ọ̀ràn ni, mà. Ẹ má bínú."

Nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ wálé, ó pe ọkọ rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun tí kò sọ fún un rí. Ọkọ gbé fóònù jù sílẹ̀, ó gba ilé àwọn àna rẹ̀ lọ.

Ìgbà tí Sọ̀fíyàt máa fi dé agbo ilé wọn, àwọn àgbà ti pé síwájú ilé. Wọ́n ní ó fẹ́ ba bàbá tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́ lórúkọ jẹ́. Ọkọ rẹ̀ ní bí kò bá tọrọ àforíjì, kó má wọlé òun mọ́. Àrínọlá, tó ti darúgbó, di aṣọ rẹ̀ mú.

"Kúnlẹ̀, ọmọ mi. Jọ̀ọ́."

Ó kúnlẹ̀. Samsudeen gbọ́wọ́ lé e lórí, ó rọra tẹ orí náà wálẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run dárí jì í. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láàárín wọn.