Ìgò tí a kò gbọdọ̀ mú

Òórùn òróró ìpara tó máa ń ta sí imú, èyí tí àwọn àgbà fi ń pa orúnkún, kò gbọdọ̀ wọ ilé wa ní Sakété mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i nínú ọkọ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá sì fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. O ti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo fi ẹ̀rín bò ó.

Ikọ́ ló ń ṣe ọmọ mi obìnrin kékeré nígbà náà. Ó ku oṣù méjì kó pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tó bá húkọ́ ni mo máa ń gbé etí lé e láyà, tí ìyá mi fi ń sọ pé n kò jẹ́ kí ọmọ náà sinmi. Ní Pobè, níbi tí mo ti ń ránṣọ, ìsọ̀ obìnrin oníṣòwò kan tó wá láti Nàìjíríà kángun sí tèmi. Òun ló ta òróró náà fún mi.

"Ẹ fi pa á láyà àti lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kó kan ojú rẹ̀."

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sára ìgò náà. Mo kà á sókè, ó sì pàtẹ́wọ́. "Háà, bàbá aránṣọ! Èmi tí mo ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá ò kà á rí, ẹ̀yin ará Faransé lẹ wá ń kà á fún mi!" Inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wà nísàlẹ̀, ní lẹ́tà pupa: "Not to be taken." Mo mọ "take" dáadáa. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni olùkọ́ wa fi kọ́ wa ní ìlò rẹ̀: mú, gbà, gbé, wọ ọkọ̀, ya fọ́tò, ṣe ìdánwò. Èmi ni mo ṣe ipò kìíní. Òótọ́ ni pé a máa ń "prendre" oògùn ní Faransé, èyí tó jẹ́ "take" tiwọn, ṣùgbọ́n ìpara ni èyí. Ta ni yóò mu ìpara? Mo túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ: a kò gbọdọ̀ mú un. Mo rò pé tí a bá ti gbé e kalẹ̀, a kò gbọdọ̀ mú un kúrò níbẹ̀ mọ́, bóyá nítorí pé mímì ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Mo gbé e ka àpótí ìjókòó kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní ọmọ.

Ìyá mi na ọwọ́ sí i. "Ó sún mọ́ ọmọ jù. Jẹ́ n gbé e sókè."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Ìyá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ìwé rẹ yìí náà! Ìgò wo ni kì í ṣeé gbé?" Ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀, nítorí pé èmi ni mo kàwé.

Ní ọjọ́ kejì, mo ti wà ní Pobè. Ìyá mi lọ yan gààrí lórí iná lẹ́yìn ilé. Nígbà tó padà wọlé, ìgò náà wà lẹ́nu ọmọ.

Ìgbà tí zẹ́mi, alùpùpù akérò tó gbé mi, fi dé ilé ìwòsàn, ọmọ náà ń mí bí ẹni tó ń sáré, òórùn yẹn sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yí ìgò náà sí ìmọ́lẹ̀.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé a ò gbọdọ̀ mu ún."

"Mo kà á," mo ní.

Ọmọ mi kò rí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá mi kò sọ ọ́ fún mi rí pé òun wí bẹ́ẹ̀. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí. Lóṣù tó kọjá, ó gbé iṣẹ́ àṣetiléwá wá sọ́dọ̀ mi: kí wọ́n kọ ìtumọ̀ "take" tí wọ́n bá mọ̀. Ó ti kọ gbogbo rẹ̀, ó ku ti oògùn nìkan tí kò parí. Ó kọ "mu un" síbẹ̀ láìfi àmì kankan sí i. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Tí àmì bá wà lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ọwọ́ ni. Tó bá wà lórí èkejì, ẹnu ni. Lẹ́tà kan náà ni. Mo fi àmì náà síbi tó yẹ kó wà, mo tẹ̀ ẹ́ títí ìwé fi lu.