Ariwo Kọ́ Ló Ń Tún Un Ṣe

Ọ̀gá mi gbà pé ariwo lòun fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. N kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó sọ gan-an nìyẹn, torí rẹ̀ ni iṣẹ́ sì fẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ìyá kan ní Ẹ̀pẹ́.

Ilé iṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ni mo ti rí iṣẹ́ lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ọ́fíìsì wa wà nítòsí Agric ní Ìkòròdú. Ẹ̀pẹ́ ni a ń kó oògùn pamọ́ sí, ìyá yẹn ló sì ń tọ́jú ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà lára fíríìjì ńlá tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, á fi bí fíríìjì náà ṣe tutù tó ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ wa. Ọ̀gá mi fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tí kọ̀ǹpútà méjèèjì ń lò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí Ẹ̀pẹ́ ń rán máa ń dáwọ́ dúró lójijì, nígbà mìíràn láti ọ̀sán títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀gá mi ní ìyá náà ló ń yọ kọ̀ǹpútà kúrò lójú iná kí wọ́n lè ráyè ṣáàjì fóònù wọn. Ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bí òun bá ti pè wọ́n, tí òun jágbe mọ́ wọn, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Màdáámù, ẹ ti tún yọ ọ́!" Ó máa ń fi fóònù sí sípíkà kí gbogbo ọ́fíìsì lè gbọ́.

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án o. Iná ló lọ lánàá, ó sì ti dé. Ẹ wá wò ó."

"Ẹ ṣáà fi í síbẹ̀!"

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé tí iṣẹ́ á fi wọlé. Ọ̀gá á yíjú sí wa. "Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti yáa fi í padà síná."

Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí màmá Ẹ̀pẹ́ yẹn pé kí wọ́n wá wí tẹnu wọn níwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. N kò mọ̀ bóyá wọ́n jẹ̀bi. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an ni pé ọ̀gá mi náà kò mọ̀.

Mo wá ń ṣọ́ ohun tó ń ṣe láràárọ̀. Kí ó tó gbé fóònù, ó máa ń kọ́kọ́ pa sáfà, á sì tún un tàn. Kò kà á sí nǹkan kan, bí ẹni ń nu tábìlì ni.

Mo lọ ka ètò tó kọ. Ó fòfin síbẹ̀ pé bí Ẹ̀pẹ́ bá ti wà lórí ìlà, sáfà kò gbọdọ̀ gba ìpè mìíràn láti Ẹ̀pẹ́. Bí iná bá lọ lọ́hùn-ún, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ á kú láìdágbére. Sáfà á ṣì máa rò pé ó wà lórí ìlà. Bí iná bá dé, tí kọ̀ǹpútà náà tún pè, sáfà á lé e, kò sì ní kọ ọ́ síbì kankan pé òun lé ẹnì kan. Àfi bí a bá pa sáfà, tí a tún un tàn, ni yóò tó gbàgbé ìlà àtijọ́ yẹn. Ilé ọ̀gá mi ní ẹ́sítéètì, níbi tí ínfátà kì í ti í jẹ́ kí iná lọ, ló ti dán ètò náà wò.

Síbẹ̀, àbá lásán ni mo ní. Nígbà tí iṣẹ́ tún dúró lọ́jọ́ Ẹtì, mo lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lónìí, ẹ pè wọ́n láìfọwọ́ kan sáfà."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ wo nǹkan kan ni, sà."

Ó pè. Ó pariwo títí ẹni tó ń ta káàdì nísàlẹ̀ fi gbójú sókè. Ogún ìṣẹ́jú kọjá, kò sí nǹkan. Ó tún pè, ó tún pariwo.

"Ẹ rọra, ọ̀gá," ni màmá wí, "kí ọ̀fun yín má lọ já o."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mo wá pa sáfà, mo tún un tàn, n kò pe ẹnikẹ́ni. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí iṣẹ́ Ẹ̀pẹ́ wọlé.

Ọ̀gá mi tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó dáa. Tún un ṣe."

"Ìwé tí wọ́n kọ sí màmá ńkọ́, sà?"

"Ìyẹn ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ nìyẹn."

N kì í pariwo, n kò sì pariwo lọ́jọ́ náà. Mo kọ ọ́ sójú ewé kan: ohun tí a ṣe, ohun tí a rí, ohun tí a kò tíì mọ̀. Mo fọwọ́ sí i. Ní Sátidé, mo wọkọ̀ ní Gáréèjì Ìkòròdú, mo gbé e lọ fún màmá ní Ẹ̀pẹ́.

Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ibo lo ti bú ọ̀gá yín níbẹ̀?"

"N kò bú wọn, mà."

"Èmi ì bá bú u. Oṣù mẹ́rin ló fi pè mí ní òpùrọ́ lójú gbogbo yín."

Mo wà lára àwọn gbogbo yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, ìgbìmọ̀ ka ìwé mi tí màmá mú wá, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí wọ́n fi dá màmá láre, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Kò sí ẹ̀rọ tó ṣàṣìṣe. Ohun tí ènìyàn kọ fún un ló ṣe gẹ́lẹ́, a sì mọ ẹni tó kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, màmá pè mí.

"Wọ́n ní ẹ̀rọ ni. Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún sọ ọ́ jáde lẹ́nu ni."