Ìwọ́ Ọmọ Nínú Yìnyín

Ìrìn ilé-ìwòsàn ti sú Sìkírátù. Láti Ẹ̀gbẹ́dá ló ti wọ ọkọ̀ méjì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Orúnkún ń ro ó, oorun sì kún ojú rẹ̀, nítorí òun ló ń gbé ọmọ tuntun sùn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Mọ̀dínátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀. Sùrájù, bàbá ọmọ, kò ráyè. Bíríkìlà ni, owó epo rọ̀bì ti dé sí ìlú, gbogbo ayé ló ń kọ́lé, ọ̀gá rẹ̀ kò sì jẹ́ kó sinmi.

Ohun tó gbé e wá ni pé nígbà tó tú ibi ọmọ tí àwọn nọ́ọ̀sì dì fún un láti rì mọ́lẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti gé ìwọ́ rẹ̀ kù bín-ín-tín. Ta ni yóò ri ààbọ̀ ìwọ́ ọmọ mọ́lẹ̀, kó sì sùn?

Wọ́n ní kó lọ síbí, wọ́n ní kó lọ sọ́hùn-ún, kó tó bá Báyọ̀dé, òṣìṣẹ́ lábù, nínú yàrá kan tó kún fún ìgò. Báyọ̀dé gbé àga fún un.

"Ìyá, ẹ má bínú. Àwa la mú ìwọ́ náà. Ó yẹ ká ti sọ fún yín."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ là ń wá. Tí iṣan ẹsẹ̀ èèyàn bá dí, dókítà lè fẹ́ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Inú yìnyín la sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ sí kó má baà bàjẹ́. Bí yìnyín bá wá yọ́ tán, ṣé á ṣì lè ṣiṣẹ́? Ohun tá à ń wò nìyẹn."

Ó fi iṣan méjì kọ́ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó kán oògùn tó ń mú iṣan sún kì sí wọn. Èyí tí kò wọ yìnyín rí fún ara rẹ̀ pọ̀ gírígírí. Èyí tó jẹ́ ti ọmọ wọn, tó ti inú yìnyín jáde, mira díẹ̀, ó sì dẹ̀.

"Yìnyín máa ń ṣe é léṣe nínú," Báyọ̀dé wí.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," Sìkírátù dáhùn.

Báyọ̀dé fi òwú wé èyí tó dẹ̀ náà, ó fà á lé e lọ́wọ́. Ó wá ṣí fíríísà.

"Ó ku ègé ìwọ́ tiyín kan tá ò tíì yọ nínú yìnyín. Ṣé kí n mú un fún yín?"

Jàfárù ọkọ rẹ̀ ló wá sí Sìkírátù lọ́kàn, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe dúdú láti ọmọ ìka nítorí ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́, títí wọ́n fi gé e lórúnkún. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó kú.

"Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe tán, ṣé á gba ẹsẹ̀ èèyàn là?"

"Mi ò lè ṣèlérí, Ìyá. À ń gbìyànjú ṣá."

Èsì náà kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọmọkùnrin náà kò purọ́.

"Ẹ ti ilẹ̀kùn ẹ̀ jàre, kó má baà yọ́ dànù."

Nírọ̀lẹ́, Sùrájù ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ri iṣan inú òwú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ọmọ tí wọ́n ti rì tẹ́lẹ̀.

"Ṣé ó ti wá pé báyìí, Màámi?"

"Kò pé." Ó ṣàlàyé ibi tí ìyókù wà, àti ìdí rẹ̀.

Sùrájù wò ó bí ẹni fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun náà. Ó gbé ọkọ́ ti ògiri. Ọmọ ké nínú ilé, Sìkírátù sì fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, ó lọ gbé e.