Ìbéèrè Tí Ọkọ Mi Obìnrin Ní Kí N Kọ́ Àwọn

Ọkọ mi ni Àǹtí. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi kò tíì pé ọgbọ̀n, obìnrin sì ni àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ni ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ bí, èmi ni ìyàwó àbígbẹ̀yìn, gbogbo ọmọ tí mo bá nílé, ọkọ mi ni wọ́n. Àǹtí nìkan ni kò gbé ilé náà rí.

Nígbà tí Màmá, ìyá ọkọ mi, ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Camberwell nílùú òyìnbó níbí, tí bàbá ọkọ mi ń kàwé, wọ́n gbé Àǹtí fún obìnrin òyìnbó kan létí òkun kí ó máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbí ló ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Màmá ń lọ wo ọmọ, ó yá, wọn kò lọ mọ́. Nígbẹ̀yìn, ilé ẹjọ́ sọ Àǹtí di ọmọ obìnrin yẹn.

Ẹ̀yìn ikú obìnrin náà ni Àǹtí wá ìyá tó bí wọn rí, ní Peckham níbí. Ṣùgbọ́n rọpárọsẹ̀ ti kọ́kọ́ dé. Ó mú apá òsì Màmá, ó sì kó gbogbo èdè òyìnbó tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lọ. Yorùbá nìkan ló kù lẹ́nu wọn. Àǹtí kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé kíláàsì Yorùbá tí wọ́n ń ṣe ní Sátidé nínú yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Àwọn bíi Àǹtí ló pọ̀ níbẹ̀, àgbàlagbà tí òyìnbó tọ́, tí oníkálukú sì mú ará ilé kan wá kí wọ́n jọ máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn Àǹtí ni mo máa ń jókòó sí, kí Bàbá tó ń kọ́ wa má baà pè mí. N kò pẹ́ nílé ìwé, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò.

Bàbá náà máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọlé láàárọ̀, ó ní, "Ẹ kú alẹ́, sà."

Bàbá wò ó tìyanu-tìyanu. "Alàgbà, ṣé àtàná lẹ kò tíì sùn ni?"

Ìkíni, oúnjẹ, ẹ̀yà ara, Àǹtí mọ̀ wọ́n kíákíá. Lọ́jọ́ kan Àǹtí na ọwọ́ sókè, wọ́n fi èdè òyìnbó béèrè bí ọmọ ṣe lè bi ìyá rẹ̀ ní ìdí tó fi fi í sílẹ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín mọ́. "A kì í kọ́ ìyẹn níbí. Ọmọ kì í jókòó ti ìyá rẹ̀ kó máa bá a ṣẹjọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ara wọn le."

Ní ibùdókọ̀, bí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì Lewisham tí Àǹtí máa ń wọ̀, wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ kọ́ mi."

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n kọ́. Wọ́n ní, "Yorùbá tí o ń sọ lójoojúmọ́ ni. Màmá lè má rí ọdún tó ń bọ̀, kí n wá bi ta?"

Kí ni ìyàwó fẹ́ ṣe? Bí mo bá kọ̀, ọkọ mi ni mo ṣàìgbọràn sí. Bí mo bá gbà, ìyá ọkọ mi ni mo ń ra ọ̀bẹ dè. Bọ́ọ̀sì kan kọjá, a kò wọ̀ ọ́. Nígbà tí èkejì dé, Àǹtí ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí.

Sátidé kejì, mo ń fi òróró ra ọwọ́ òsì Màmá, bí mo ti máa ń ṣe lẹ́yìn tí mo bá wẹ̀ wọ́n, nígbà tí Àǹtí wọlé. Wọ́n kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní kíláàsì. "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi mí sílẹ̀, tí ẹ ò padà wá mọ́?"

Màmá kò wo Àǹtí rárá. Èmi ni wọ́n wò. "Ta ló kọ́ ọ? Ohùn ará Ìsẹ́yìn ni mo gbọ́ yẹn."

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti fẹ́ mi wá. Màmá fi ọwọ́ ọ̀tún ti ọwọ́ mi kúrò lára wọn. Wọ́n wá dá Àǹtí lóhùn.

"Mo lọ wò ọ́. O ti ń rìn. Mo na ọwọ́ sí ọ, o figbe ta, o sá lọ dì mọ́ ẹsẹ̀ obìnrin yẹn. Mo wọ rélùwéè padà. Nínú rélùwéè yẹn, ara tù mí. Mo ní, èmi náà á lè sùn báyìí. Ìyẹn ni n kò ṣe padà." Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, sọ fún un. Ìwọ lo kó ìbéèrè wá, ìwọ ni kó gbé èsì fún un."

Òyìnbó tí mo gbọ́ kò ju ti ṣọ́ọ̀bù àti ti dókítà lọ. Ẹni tó gbọ́ púpọ̀ ì bá fi òwú dì í. Èmi sọ ọ́ ní gbangba: ẹ ké, ẹ sá, wọ́n lọ sílé, ara tù wọ́n.

"Ó tù wọ́n?" Àǹtí béèrè.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n yíjú sí Màmá. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ."

Màmá dijú. Àǹtí dúró díẹ̀ sí i lórí eékún, wọ́n dìde, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n lọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Màmá ti ní kí ọwọ́ mi má kan àwọn mọ́. Ọkọ mi tó fẹ́ mi jẹ́ ọkùnrin, kò sì lè wẹ ìyá rẹ̀. Nígbà tó sú u, ó tẹ Àǹtí láago. Mo rò pé wọn kò ní wá.

Wọ́n wá. Wọ́n gba bàsíà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àti Màmá. Mo dúró síta pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Mo gbọ́ tí Màmá ní, "Ó gbóná." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà sínú bàsíà. Kò sẹ́ni tó pè mí kí n wá ṣe ògbufọ̀.