Ilé Tó Wà Nísàlẹ̀ Igbó Massè

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mo kúrò ní Ìlaró. Èmi tí mo máa ń fi àwọn tó ń tètè jí ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ti sọ mí di àkùkọ. Mo kọjá ẹnubodè Ìdìròkò, mo gba Pobè dé Adja-Ouèrè, mo jẹ àkàrà àti ẹ̀kọ gbígbóná níbẹ̀. Ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní zẹ́mì, gbé mí dé Massè ní ẹgbẹ̀rún kan owó sẹ́fà. Ọ̀nà pupa, gbágungbàgun, ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì. Ọlọ́kadà tiwa kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Èyí ń dín eré kù láti kí gbogbo ẹni tó ń roko. Ó kọ́kọ́ sú mi, nígbà tó yá ó dùn mọ́ mi.

Wọ́n fẹ́ la ọ̀nà tuntun gba ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó fò ya àwòrán ilẹ̀ náà rí orí igi nìkan, kò rí kòtò ńlá abẹ́ igbó. Iṣẹ́ mi ni láti fẹsẹ̀ rìn ín, kí n wọn òkè àti kòtò.

Ìyá Bísí, opó tó gbà mí lálejò, mú mi dé etí òkè. Abúlé wọn àtijọ́ wà nísàlẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí kí wọ́n tó ṣí kúrò. Orúnkún kò jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

"Ọmọ mi, ṣé màmá mi á wà nínú kátì yín?" Kátì ni wọ́n ń pe àwòrán ilẹ̀. "Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kátákátá á gun orí ẹ̀."

Mo sọ̀ kalẹ̀. Igi obì méjì fi ojú ilé hàn mí, bó ṣe wí. Bí mo ṣe fẹ́ gún ọ̀pá ìwọ̀n mọ́lẹ̀, Ìyá Bísí pariwo látòkè:

"Ṣé o ti kágò?"

"Màmá, kò sẹ́ni níbí!"

"Ta ló sọ fún ẹ? Padà sẹ́yìn!"

Mo padà sẹ́yìn, ẹ̀fọn ń jẹ mí. "Àgò onílé o!"

"Àgò yà," ni Ìyá Bísí dáhùn látòkè. "Wọlé, ọmọ mi."

Mo wọlé, mo gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé n kò tètè rí nọ́ńbà ẹ̀rọ ìwọ̀n mi kà.

"Báwo ló ṣe jìn tó?"

"Mítà mọ́kàndínlógún sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún. "Kò kúkú jìn."

Mo kọ ọ́ sínú àwòrán: ilé àti ibojì. Ọ̀gá mi kùn lórí fóònù pé tí ọ̀nà bá yà fún ibojì, tó gba orí òkè, á gùn sí i. Mo ní kó gùn. Ó gbà nígbẹ̀yìn.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo délé. Màmá mi ń já ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Ọdún méjìlá ni mo ti ń wọn ilẹ̀ onílẹ̀, n kò bi í léèrè rí ibi tí wọ́n sin ìyá tirẹ̀ sí. Mo jókòó tì í, mo bi í.

Ó gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

"Dìde, kí n mú ẹ lọ."